Ta Ni Ó Yẹ Kí A Fún Ní Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Ẹ̀yìn?

Ẹni tí ó bá ti gba àpótí lẹ́tà rí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ mọ bí ó ti ń rí. Níwájú, níbi tí èrò ń gbà kọjá, gbogbo àpótí ló ní ilẹ̀kùn kékeré tirẹ̀. Nọ́ńbà wà lára ilẹ̀kùn náà, ẹni tí ó ni ín ló sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Làmídì kò lè ṣí ti Bísí, Bísí kò lè ṣí ti Làmídì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ẹ̀yìn wọlé, sínú yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pín lẹ́tà, ẹ ó rí i pé kò sí ilẹ̀kùn kankan níbẹ̀. Gbogbo àpótí ló la ẹnu sílẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ lè ti ọwọ́ bọ èyíkéyìí. Ó lè yọ lẹ́tà ọ̀gá kí ó fi í sí àpótí ọmọ iṣẹ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló ń wá. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe gbogbo ẹni tó wá gba lẹ́tà ni wọ́n ń jẹ́ kó wọ yàrá ẹ̀yìn.

Inú kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí èyí. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìrántí kọ̀ǹpútà, àpótí kéékèèké ló tò lọ rẹrẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ohun tó sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ, láti 0 dé 255. Fóònù olójú gbọrọgbọrọ tí à ń lò lóde òní ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ tó ju bílíọ̀nù kan lọ. Orúkọ yín, àwòrán ọmọ yín, nọ́ńbà àṣírí tí ẹ fi ń gba owó ní báńkì, títí kan àṣẹ tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ lé, inú àwọn àpótí yìí ni gbogbo wọn máa ń wà nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé owó lèyí, àwòrán nìyẹn. Nọ́ńbà lásán ló ń rí. Bí ẹnìkan bá fi nọ́ńbà mìíràn rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ á gbà á láìjanpata, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí nǹkan yóò fi dàrú.

Àwọn tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, oríṣi èdè méjì ni wọ́n ń lò. Èkíní ni èdè àwọn ará yàrá ẹ̀yìn, irú C tí Dennis Ritchie ṣe ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ní 1972. Ẹni tó bá ń fi C kọ ètò, inú yàrá ẹ̀yìn gan-an ló wà. Àpótí tó bá wù ú ló lè ti ọwọ́ bọ̀, bí ó bá sì ṣi nọ́ńbà mú, kò sẹ́ni tí yóò dá a dúró. Èkejì ni mo fẹ́ máa pè ní èdè ìrọ̀rùn, tí a ṣe fún ẹni tó fẹ́ tètè rí iṣẹ́ ṣe. BASIC wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni Python tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, Lua tí àwọn mẹ́ta kan ṣe ní yunifásítì kan ní Rio de Janeiro ní 1993, àti JavaScript tó jáde ní 1995. Nínú èdè ìrọ̀rùn, iwájú káńtà ni ènìyàn ń dúró sí. Ẹ ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú orúkọ yìí o," akọ̀wé káńtà á wá àpótí fún un. Ẹ kò ní mọ nọ́ńbà àpótí náà, ẹ kò sì ní fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá padà wá, akọ̀wé á bá yín gbé e jáde.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí àwọn tó ṣe èdè ìrọ̀rùn la ilẹ̀kùn sí ara ògiri ẹ̀yìn káńtà, kí wọ́n sì fún oníbàárà ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn? Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìyí, kí ló kàn mí níbẹ̀. Ó kàn yín. Ètò tí àwọn ènìyàn yìí ń kọ ló ń ka owó yín ní báńkì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìbéèrè àtijọ́ ni. Bàbá tó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń bi ara rẹ̀ léèrè rẹ̀. Mẹkáníìkì tó fẹ́ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tú ẹ́ńjìnnì oníbàárà fún ìgbà àkọ́kọ́ ń bi ara rẹ̀ léèrè rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òní. Nígbà tí John Kemeny àti Thomas Kurtz, olùkọ́ ìṣirò ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà, gbé BASIC jáde ní 1964, èrò wọn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kọ́ sáyẹ́ǹsì náà lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn ènìyàn láti nǹkan bí 1977, àwọn tó ń ṣe é fi ọ̀rọ̀ méjì sínú BASIC tiwọn: PEEK àti POKE. PEEK ni kí o yọjú wo ohun tó wà nínú àpótí kan. POKE ni kí o ti nọ́ńbà bọ inú rẹ̀. Àpótí 65,536 ni ẹ̀rọ ìgbà náà sábà máa ń lè kà lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá sì jókòó sídìí rẹ̀ lè kọ POKE sí èyí tó bá wù ú.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lórí Commodore 64 tó jáde ní 1982, bí ẹ bá kọ POKE 53280,0, férémù tó yí ojú ẹ̀rọ ká á di dúdú. Inú àwọn ọmọdé dùn. Ní Bírítéènì, ìwé ìròyìn ń tẹ POKE jáde fún àwọn tó fẹ́ kí ẹ̀mí wọn má tán nínú eré orí kọ̀ǹpútà Spectrum. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Lórí PET, tí ilé iṣẹ́ Commodore kan náà ti gbé jáde ní 1977, POKE 59458,62 máa ń mú kí ọ̀rọ̀ yára jáde lójú ẹ̀rọ. Àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n, wọ́n ń lò ó, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ètò tí wọ́n ń pín fún ara wọn. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ náà yí inú ẹ̀rọ padà, POKE yìí kan náà sì di ohun tó lè ba ojú ẹ̀rọ tuntun jẹ́. Ẹni tó kọ ètò náà kò ní ibi lọ́kàn. Ẹni tó lò ó kò mọ ohunkóhun. Ẹ̀rọ bàjẹ́ ṣá. POKE apani ni wọ́n sọ ọ́.

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tó ní kí a fún ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè mọ inú ẹ́ńjìnnì tí kò bá fi ọwọ́ kan òróró rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó di àgbà onímọ̀ kọ̀ǹpútà ló jẹ́ pé ìdí PEEK àti POKE ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ní inú. Wọ́n ní bí a bá ti yàrá ẹ̀yìn pa, ìmọ̀ á di ti àwọn díẹ̀, awo á máa gbé awo nígbọ̀nwọ́, àwa ọ̀gbẹ̀rì á sì máa dúró níta títí ayé. Wọ́n tún ní iṣẹ́ wà tí akọ̀wé káńtà kò lè ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tọ́jú Python fi ctypes sínú rẹ̀ ní 2006. Nípasẹ̀ ctypes, ẹni tó ń fi Python kọ ètò lè pe iṣẹ́ tí wọ́n fi C ṣe, ó sì lè ka ohun tó wà nínú àpótí tàbí kó dà á kọ, nọ́ńbà sí nọ́ńbà. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí kò gbọ́ èdè ẹlòmíràn ju èyí lọ. Bí kò bá sí ctypes, bí ẹni tó gbọ́ Python nìkan yóò ti ṣe bá a sọ̀rọ̀?

Mo gba gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé kan tí mo gbé rí. Yàrá mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, fúùsì kan ṣoṣo ló sì wà fún gbogbo wa, nínú àpótí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ayálégbé kan wà láàrin wa, ọmọlúwàbí ènìyàn, tó mọ iná díẹ̀díẹ̀. Ó ra fíríìjì àti sítóòfù oníná. Bó bá ti tan méjèèjì pọ̀, fúùsì á já. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kíní, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó sì sú u. Ló bá yọ fúùsì kúrò, ó fi wáyà kọ́pà nípọnnípọn dí ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, iná kò já mọ́. Gbogbo wa yìn ín. Èmi náà yìn ín.

Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, wáyà gbóná nínú àjà lókè yàrá ìyá kan tó ń ta aṣọ. Iná sọ lóru. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò gba ẹ̀mí, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́ku ọ̀pá aṣọ kan fún ìyá náà. Yàrá ẹni tó so wáyà kọ́pà wà ní ìpẹ̀kun kejì. Fíríìjì rẹ̀ kò tilẹ̀ dákẹ́ kí wọ́n tó já iná ilé. Ó sunkún, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń san owó díẹ̀díẹ̀ fún ìyá náà títí mo fi kó kúrò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò lè gbàgbé.

Ohun tí mo ń rò láti ọjọ́ náà ni pé ọkùnrin yìí kò jalè, kò sì purọ́. Àgbàlagbà ni, ó sì ní òmìnira. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ ló so wáyà kọ́pà mọ́, tó jó o mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìta gbangba, n kò ní rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn. Ibi tó ti ṣẹ̀ ni pé òun ló gba ìrọ̀rùn, ẹlòmíràn ló gba ewu, ẹni náà kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu. Ìyá aṣọ kò mọ ohun tí ń jẹ́ fúùsì. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ọ̀nà yìí ni ó yẹ kí a gbà wo ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó kọ POKE sórí ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ rà fún un ní 1983, bí nǹkan bá dàrú, ó pa ẹ̀rọ, ó tún tàn án, ó tán. Jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ètò tí à ń kọ lónìí, inú ilé oníyàrá púpọ̀ ló ń gbé. Ní 2014, gbogbo ayé gbọ́ nípa Heartbleed, àléébù kan nínú OpenSSL, ètò tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń pa àṣírí mọ́. C ni wọ́n fi kọ ọ́. Ènìyàn á ní kí ẹ̀rọ kejì tún ọ̀rọ̀ kékeré kan sọ padà fún òun, á sì parọ́ pé ọ̀rọ̀ náà gùn. Ẹ̀rọ kejì kò yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò ka ọ̀rọ̀ kékeré náà, yóò sì máa ka àpótí tó tẹ̀ lé e lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 64,000 lẹ́ẹ̀kan, yóò sì kó ohun àṣírí tó bá wà níbẹ̀ fún àlejò. Àléébù náà ti wà níbẹ̀ láti 2012 kí wọ́n tó kéde rẹ̀.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024, irú rẹ̀ mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ CrowdStrike ní ètò kan tó ń ṣe ọdẹ nínú kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, inú yàrá ẹ̀yìn pátápátá ni ọdẹ yìí sì ń gbé. Láti òkèèrè ni wọ́n ti máa ń fi ìwé kékeré ránṣẹ́ sí i nípa ohun tí yóò máa ṣọ́. Lọ́jọ́ náà, ìwé tuntun ní kó wo nǹkan kọkànlélógún, nígbà tó jẹ́ pé ogún péré ni wọ́n kó fún un. Ọdẹ na ọwọ́ kọjá ogún, ó bọ́ sínú àpótí tí kì í ṣe tirẹ̀, kọ̀ǹpútà sì dàbí ẹni tí gìrì gbé. Ilé iṣẹ́ Microsoft ṣírò pé ẹ̀rọ mílíọ̀nù 8.5 ló kàn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà kò lè gbéra. Ní Bírítéènì, ọ̀pọ̀ dókítà kò rí ìwé àwọn aláìsàn wọn wò. Èrò tó sùn sí ilẹ̀ pápákọ̀ òfurufú lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣé ẹnìkan bi wọ́n kí wọ́n tó na ọwọ́ sí àpótí kọkànlélógún? Ìyá aṣọ ni gbogbo wọn.

Ẹ ó wá sọ pé, ó dáa, kí wọ́n ti yàrá ẹ̀yìn pa kí wọ́n sọ kọ́kọ́rọ́ sómi. Onílé wa ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn iná, ó kan àpótí fúùsì pa, ó fi àgádágodo sí i, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí ilé rẹ̀ ní òdìkejì ìlú. Láti ìgbà náà, bí fúùsì bá já ní ọjọ́ Ẹtì, ó di ọjọ́ Ajé kí a tó rí iná. Ẹja bàjẹ́. Ọmọ ilé ìwé ń fi àbẹ́là kàwé. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi ń ti ẹ̀yìn fa wáyà lóru, èyí tó tún léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí a bá fi ohun tó nílò dù, á wá a gba ibi tí kò yẹ.

Ohun tó parí ọ̀rọ̀ ni pé onílé gbà níkẹyìn kí a pín iná, kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fúùsì tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá so wáyà kọ́pà, iná tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jó. Àwọn tó ń ṣe JavaScript ti rí ọgbọ́n yìí. JavaScript ni èdè tí àlejò fi ń bá fóònù yín sọ̀rọ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Síbẹ̀, wọ́n wá ọ̀nà fún un láti máa lo àpótí nọ́ńbà sí nọ́ńbà. Wọ́n ka iye kan fún un, wọ́n mọ ògiri yí i ká. Nínú ògiri náà, kó ṣe bó ṣe fẹ́. Bó bá béèrè àpótí tó wà lẹ́yìn ògiri, èsì tí yóò gbà ni pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ àwọn ọ̀daràn máa ń wá ihò sára ògiri yìí, nígbà mìíràn wọ́n sì ń rí i. Ṣùgbọ́n ihò lára ògiri kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ilé tí kò ní ògiri.

Níbi tí ògiri kò bá ṣeé mọ, kí ilẹ̀kùn ní orúkọ. Ẹni tó fẹ́ lo ctypes ní láti kọ ọ́ sórí ètò rẹ̀ pé ctypes ni òun ń lò, kí ẹni tó bá tẹ̀ lé e lè rí i, kó sì fi ojú sílẹ̀ dáadáa. Ìwé tó ń bá a rìn kìlọ̀ pé ó lè mú Python ṣubú lulẹ̀. Bákan náà ni FFI tó wà nínú LuaJIT, ẹ̀yà Lua kan tó yára gan-an. Ìwé rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe ohun tí a lè gbé fún ètò tí a kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Irú òtítọ́ yìí ni mo fẹ́ràn. Ẹni tó fún mi ní ọ̀bẹ tó sọ pé ó mú, ó ti ṣe tirẹ̀. Ẹni tó fún mi tó pè é ní ṣíbí, òun ni mo bá ní ẹjọ́.

Tony Hoare, ọmọ Bírítéènì, sọ ìtàn kan nígbà tó gba ẹ̀bùn Turing ní 1980. Ní ọdún 1960 síwájú, ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ṣe ètò kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ọwọ́ kọjá àpótí tirẹ̀. Gbogbo ìgbà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò yìí ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n bi àwọn oníbàárà pé ṣé kí àwọn fún wọn ní ọ̀nà láti pa àyẹ̀wò náà kí iṣẹ́ lè yá. Gbogbo wọn ló kọ̀, láìku ẹnìkan. Wọ́n ti mọ iye ìgbà tí àwọn fúnra wọn ń ṣi nọ́ńbà mú, wọ́n sì mọ ohun tí yóò ná wọn bí kò bá sẹ́ni tó kìlọ̀.

Mo máa ń ronú nípa àwọn oníbàárà náà. A fi kọ́kọ́rọ́ lọ̀ wọ́n, wọ́n dá a padà. Wọn kì í ṣe ojo. Wọ́n kàn mọ ara wọn. Bí ọmọdé bá ń gé igi nínú igbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní àgbà kankan nínú. Ohun tí a bá kọ ló ń ṣe. Àgbà ní láti wà nínú ẹni tó ń kọ ọ́, àti nínú ẹni tó ṣe èdè tó fi ń kọ ọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí, èmi yóò ní kí wọ́n fún ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń fún ni kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé, iṣẹ́ wo ni mo kọ̀ tí mi ò ṣe, tí oníbàárà mi fi ní láti wọ yàrá ẹ̀yìn? Àwọn tó ṣe Commodore 64 kò fi ọ̀rọ̀ tó tó fún àwòrán àti orin sínú BASIC rẹ̀, ni POKE fi di dandan fún ọmọ kékeré. Kí ẹni tó gbà á náà bi ara rẹ̀ pé, bí ọwọ́ mi bá yẹ̀, àjà yàrá ta ni iná yóò ti sọ? Bí àjà tirẹ̀ bá ni, kó máa lọ, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Bí àjà ẹlòmíràn bá ni, kó lọ kan ilẹ̀kùn onítọ̀hún ná. Ẹ̀yin tí ẹ ń yìn ín nítorí pé iná kò já mọ́, ẹ má gbàgbé pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Èmi náà wà lára àwọn tó yìn ín, n kò sì tíì dárí ji ara mi.